Snare Àtijọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Rà Á ní Àjàṣẹ́ àti Kétu Láìfowó Ṣòfò

Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí snare àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹnìkan. Ṣé kí n rà á?" Àwọn mìíràn á fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n á ní kí n dá iye lé e lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè dá iye lé ìlù tí ọwọ́ mi ò tíì kàn. Àmọ́ mo lè sọ ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò, bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tó máa ń mú mi dìde kúrò nídìí ọjà.

Snare ni mo ń sọ o, èyí tí àwọn onífáńfáà wa ń pè ní caisse claire, ìlù olójú méjì tó ní wáyà lábẹ́. Kì í ṣe ìlù ìbílẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti ìdí òrìṣà tàbí ti egúngún, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà.

Ohun tí ẹ máa mú dání

- Òòfà kékeré. Èyí tí ẹ yọ lára ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ti bàjẹ́ tó o.
- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa.
- Tépù ìwọn-nǹkan tó ní sẹ̀ńtímítà àti ìnṣì.
- Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń de ìlù, àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí a fi ń yí síkúrù. Ẹ mú méjèèjì, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.
- Aṣọ funfun gbígbẹ.

Ẹ má mú owó púpọ̀ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Owó tó wà nínú àpò máa ń gbani ní ìmọ̀ràn burúkú.

Níbo ni a ti ń rí wọn?

1. *Ilé àwọn àgbà tó ti lu fáńfáà tàbí tó ti wà nínú òkẹ́sítírà rí.* Ibí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

2. *Ṣọ́ọ̀ṣì.* Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìlú tí ìjọ Sẹ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ẹ mọ̀ pé ìlù kò lè wọ́n. Bí ìjọ kan bá ti ra ìlù tuntun, ti àtijọ́ á wọ yàrá ẹ̀yìn, àga tó kán á sì gorí rẹ̀. Ẹ lọ bá olórí ìjọ tàbí akápò, ẹ má bá ọmọdé tó ń lu ìlù ṣe àdéhùn.

3. *Àwọn tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀.* Kọ̀ńténà tó bá gúnlẹ̀ sí Kútọnu lè kó fíríìjì, kẹ̀kẹ́, àga àti ìlù papọ̀. Díẹ̀ nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń dé Ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tú kọ̀ńténà. Rírìn kiri ọjà lójoojúmọ́ kò ní ṣe é.

4. *Íntánẹ́ẹ̀tì.* Ọjà pọ̀ níbẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Yúrò 1 jẹ́ fàráńkì CFA 655.957, kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Ìlù tí wọ́n pè ní yúrò 300 ní Faransé ti di nǹkan bí 196,800 fàráńkì kó tó kúrò nílé olówó rẹ̀. Ẹ fi owó ìfiránṣẹ́ lé e, ẹ fi owó aṣọ́bodè lé e, àti TVA, owó orí ọjà, tó jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín gba ẹrù ní pọ́ọ̀tì kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹrù bá ti dé. Bí ẹ bá ní èèyàn ní Faransé tó ń bọ̀ wálé, snare kan wọ inú báàgì ńlá dáadáa bí ẹ bá tú u.

Bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ìlù rẹ̀

Ẹ má wọlé pẹ̀lú "Eélòó ni?" Ẹ kí i dáadáa, "Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá, ẹ kú ìsinmi," kí ẹ sì jókòó. Ẹ béèrè ẹgbẹ́ tó bá lù, ọdún tí wọ́n ra ìlù náà, ẹni tó mú un wọ̀lú. Bó bá gbà, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, ẹ sì ya fọ́tò àtijọ́ tó bá wà lára ògiri, pàápàá bí ìlù náà bá hàn níbẹ̀. Ẹ̀rí nìyẹn. Ìlù tí a mọ ẹni tó lù ú àti ibi tó ti lù ú níyì ju irú rẹ̀ kan náà tí a kàn rí lójú àtẹ lọ.

Bí Bàbá bá ní, "Ọmọ mi, mi ò tà á o," ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé owó. Ẹ dúpẹ́, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀, ẹ máa kí i nígbà ọdún. Èmi ti rí ìlù tó wá bá mi fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti gbàgbé. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún, àwọn àgbà sì máa ń wo ẹni náà dáadáa kí wọ́n tó tà.

Ìkìlọ̀ méjì tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò:

- *Bí olówó ìlù bá ti kú*, ẹ má ra á lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí mọ̀, kí ọmọ méjì ó kéré tán fọwọ́ sí ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ iye tó jẹ́, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n máa wá jókòó sí.
- *Bí ìlù bá ní àmì iléèwé, ti ológun tàbí ti jàńdáàmù lára*, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n tà á. Bí kò bá sí ìwé, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́n tó.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ̀lé e bó ṣe tò

1. Ẹ fi òòfà kan ara ìlù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, ó lè jẹ́ idẹ tàbí alumíníọ̀mù. Ẹ gbé e sọ́wọ́: idẹ wúwo, alumíníọ̀mù fúyẹ́. Ẹ wá ibi tó ti há, lábẹ́ ilé síkúrù tàbí ní etí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí ìsàlẹ̀ kúróòmù bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, idẹ ni. Bó bá funfun, alumíníọ̀mù ni. Òòfà nìkan ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ẹni tó ń pe irin ní idẹ.

2. Ẹ ka ihò. Gbogbo ihò tó wà lára ìlù gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ihò tí kò ní síkúrù, tàbí tí wọ́n fi nǹkan dí, ń sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan níbẹ̀. Ihò àfidá kan lè gé iye ìlù sí ìdajì lójú àwọn tó ń kó ìlù jọ, bó tilẹ̀ ń dún dáadáa.

3. Ẹ wo báàjì. Òrùka kékeré ló sábà ń dì í mú sí ihò afẹ́fẹ́. Bí òrùka náà bá mì, tó bá há, tàbí tó mọ́ ju gbogbo ara ìlù lọ, ẹ fura. Wọ́n ń ta báàjì àfarawé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlù tí kò lórúkọ. Bí báàjì bá sì ní nọ́ńbà, ẹ má fi nọ́ńbà nìkan pinnu ọdún. Báàjì Ludwig, fún àpẹẹrẹ, kò tò tẹ̀léra: èyí tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá bà nínú àpótí ló ń kàn mọ́ ìlù.

4. Ẹ yí síkúrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú u díẹ̀, ẹ dá a padà. Èyí tó bá gan, ẹ má fipá yí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kán epo òyìnbó sí i, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bí olówó ìlù kò bá lè dúró, ẹ yọ iye ilé síkúrù kan kúrò nínú owó yín.

5. Ẹ tú awọ òkè, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá kọ̀ pátápátá pé kí ẹ má wo inú, ẹ dìde. Inú ìlù ló ń sọ òtítọ́: ojú ibi tí wọ́n so igi pọ̀, ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn ún, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ nígbà mìíràn. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí ìyẹ̀fun igi tí kòkòrò ń gbẹ́ jáde. Ẹ fi èékánná tẹ ibẹ̀. Bó bá rọ̀, ẹ dá a dúró.

6. Ẹ tú awọ ìsàlẹ̀ náà, kí ẹ gbé ara ìlù lé gíláàsì. Gíláàsì tábìlì tó tẹ́jú ló dára. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìlù láti òkè. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lábẹ́, etí ìlù kò tẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣe apá òkè, ẹ ṣe apá ìsàlẹ̀. *Àmọ́ ẹ ṣọ́ra:* ní apá ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ibi méjì tó dojú kọra tí etí ti rì díẹ̀. Àbùkù kọ́ o! Ibẹ̀ ni wáyà ń gbà kó lè tẹ́ mọ́ awọ. Mo ti rí káfíńtà tó fi sáńpépà gé etí náà dọ́gba pátápátá fún oníbàárà rẹ̀, láti ọjọ́ náà wáyà ìlù ọ̀hún kò dákẹ́ mọ́.

7. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin. Ara ìlù ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe òrùka irin. Bí òǹkà bá fi ju mílímítà 3 lọ síra wọn, ìlù náà kò rí róbótó mọ́, awọ kò sì ní jókòó.

8. Ẹ gbé ọwọ́ tó ń tú wáyà sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró níbi tí ẹ bá gbé e sí. Wáyà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti rà, ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí, bó bá jẹ́ ti àtijọ́, lè gba oṣù púpọ̀ kí ẹ tó rí irú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó lù ú. Ohùn kẹ́yìn, torí awọ tó ti gbó lè mú kí ìlù rere dún bí agolo.

Orúkọ tí wọ́n máa pè fún yín

*Ludwig Black Beauty ti àwọn ọdún 1920.* Idẹ tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì dúdú bò, tí wọ́n sì fín òdòdó sí lára. Òun ni gbogbo èèyàn ń wá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní àwọn ọdún 1970, nítorí náà orúkọ nìkan kò sọ pé ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí ẹnìkan bá sì pè é ní owó kékeré fún yín nínú ọjà, ẹ má rò pé orí yín ló ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ mú òòfà jáde.

*Ludwig Supraphonic LM400.* Ìnṣì 14 ní fífẹ̀, ìnṣì 5 ní gíga, ilé síkúrù 10. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kúróòmù bò ni ọ̀pọ̀ jù. Àwọn àkọ́kọ́ tó jáde ṣáájú nǹkan bí 1963 jẹ́ idẹ, àwọn yẹn ló ṣọ̀wọ́n. Òòfà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwúwo ni. Kúróòmù orí alumíníọ̀mù máa ń yọ ìléròrò, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ bá tutù bíi tiwa lẹ́bàá ọ̀sà. Kò bójú mu, kò sì ba ohùn jẹ́. Ẹ fi já owó.

*Slingerland Radio King.* Igi maple ẹyọ kan tí wọ́n fi oru omi gbígbóná tẹ̀ ká ló sọ ọ́ di olókìkí láti àwọn ọdún 1930. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń jẹ́ orúkọ yìí tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ mẹ́ta lẹ̀ pọ̀. Ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó san owó igi ẹyọ kan.

*Rogers Dyna-Sonic.* Férémù irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbé wáyà dání. Bí férémù yẹn bá ti sọnù, ìlù mìíràn lẹ ń rà yẹn.

*Gretsch.* Báàjì róbótó ni wọ́n lò títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha á kúrò, ẹ béèrè ìdí.

Ní tèmi o, bí ẹ bá ń gbé ní Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Sábẹ́, ẹ má fi ojú sí ti Amẹ́ríkà nìkan. Asba ti Faransé, Premier ti Gẹ̀ẹ́sì àti Sonor ti Jámánì, ilé iṣẹ́ tó ti wà láti 1875, ni ọwọ́ yín lè tètè bà. Àwọn tó ń tà á kì í sábà mọ orúkọ wọn, torí náà owó wọn kì í ga ju. Ẹ kàn yẹra fún àwọn ìlù Jàpáànù ti àwọn ọdún 1960 tí wọ́n ṣe kó jọ Ludwig, tí igi wọn fúyẹ́ tí irin wọn sì rọ̀. Wọ́n dára láti fi kọ́ ọmọdé. Ẹ má san owó Ludwig lé wọn.

Awọ tí kò wọ̀, síkúrù tí kò bá ara mu

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ lórí ìlù Yúróòpù.

Ìnṣì 14 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 35.6. Ìlù Faransé àtijọ́ lè jẹ́ 35 géérégé. Premier àtijọ́ sì tóbi díẹ̀ ju ìwọ̀n Amẹ́ríkà lọ, awọ òde òní kì í wọ̀ ọ́. Ẹ má fi sáńpépà gé ara ìlù kí awọ lè wọlé! Ẹ gbé ìlù náà lọ bá àwọn tó ń ṣe ìlù ní Àjàrá, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Wọ́n lè fi awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ wé òrùka igi ní ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé kí awọ ìsàlẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an ju ti òkè lọ, torí bó bá nípọn, wáyà kò ní dáhùn. Ẹ gbé ìlù fúnra rẹ̀ lọ, ẹ má gbé ìwọ̀n lórí ìwé.

Ní ti síkúrù: ti Amẹ́ríkà jẹ́ irú kan tí wọ́n ń pè ní 12-24, ọ̀pọ̀ ti Yúróòpù sì ń lo ìwọ̀n mílímítà. Bí ẹ bá fipá ki ọ̀kan sínú ilé èkejì, á kọ́kọ́ dà bíi pé ó wọlé, lẹ́yìn náà á jẹ ojú ilé síkúrù náà run. Síkúrù Sonor àtijọ́ sì ní ẹnu tó là, irin pẹlẹbẹ la fi ń yí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú méjèèjì dání.

Ọ̀rọ̀ kan nípa awọ: bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ìlù òun ti 1940 ni, àti pé awọ ike tó wà lórí rẹ̀ ló bá a jáde nílé iṣẹ́, irọ́ ni. 1957 ni Remo gbé awọ ike tirẹ̀ dé ọjà. Ní 1940, awọ ẹran ni.

Ìfọ̀: ẹ ṣe díẹ̀, kí ẹ dúró

Mo mọ̀ pé bí ìyá yín ṣe ń fọ idẹ nílé ni: ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, títí á fi máa tàn. Ẹ má dán an wò lórí snare. Níkẹ́ẹ̀lì tó wà lára rẹ̀, bíi dúdú ti Black Beauty, fẹ́lẹ́. Omi ọsàn á jẹ ẹ́, eérú á gé e, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ idẹ pupa á yọjú, kò sì sí ohun tó lè dá dúdú náà padà.

1. Ẹ tú gbogbo irin, ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú ìkọ̀ọ̀kan.
2. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, aṣọ rírọ̀. Ẹ nu ún gbẹ lójú ẹsẹ̀.
3. Òrùka irin oníkúróòmù tó ti dípẹtà: ẹ fi bébà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, tó tutù lómi, rọra ra á. Orí kúróòmù nìkan o.
4. Ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ sí ojú síkúrù kí ẹ tó dá wọn padà.

Ẹ má gbé e fún ẹni tó ń bu kúróòmù sí mọ́tò, ẹ má kùn ún lọ́dà, ẹ má ṣí ike aláràbarà tó wé ara ìlù igi kúrò. Ike ti àtijọ́ yẹn máa ń gbiná kíákíá, nítorí náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ àbẹ́là tàbí ẹni tó ń jó irin.

Bí owó kò bá tó

Ludwig Acrolite jẹ́ alumíníọ̀mù bíi Supraphonic, àmọ́ kò ní kúróòmù, ilé síkúrù 8 ló ní, iléèwé ni wọ́n tà á fún jù. Ohùn rẹ̀ dára púpọ̀, owó rẹ̀ kéré. Tàbí kí ẹ máa ra ẹ̀yà ara: ọwọ́ tó ń tú wáyà, òrùka, ilé síkúrù. Ìlù tó kán ní ara ṣì ní ẹ̀yà tí ẹlòmíràn ń wá kiri.

Ìtọ́jú: Àjàṣẹ́ yàtọ̀ sí Kétu

Ní Àjàṣẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá.

- Ẹ má gbé ìlù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó kan ògiri.
- Ẹ má fi ọ̀rá wé e típẹ́. Aṣọ ni kí ẹ fi bò ó.
- Ẹ kó àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sínú ìlù.

Ní Kétu àti Sábẹ́, ọyẹ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Igi á gbẹ, awọ ẹran á le. Bí ìlù bá dún jù, yóò ya, ọyẹ́ sì lè mú un dún jù láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ dẹ awọ ẹran díẹ̀ lálaalẹ́ ní ìgbà ọyẹ́. Ní ìgbà òjò, awọ náà á rọ̀. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ fà á títí á fi dún bí ti àná, torí ọjọ́ tí oòrùn bá yọ ló máa fà ya. Awọ ike kò ní wàhálà yìí.

Ẹ tú wáyà sílẹ̀ bí ẹ kò bá lu ìlù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí aṣọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí ihò afẹ́fẹ́ àti abẹ́ òrùka irin, ẹ sì wo ilẹ̀ abẹ́ ìlù bóyá ìyẹ̀fun igi wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ gbé ìlù náà kúrò láàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ náà gan-an.